Ta Ló Ń Bá Ẹ́ńjìnnì Jẹ́ẹ̀tì Ṣáná?

Ẹni tó bá ti wọ bàálù rí á mọ ìṣẹ́jú kan báyìí. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, ọkọ̀ kékeré ti ń ti bàálù sẹ́yìn, ni atẹ́gùn tútù tó ń fẹ́ sí wa lórí bá dákẹ́ wẹ́lo. Ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Ẹni tí ò mọ̀ á rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Kò sóhun tó bàjẹ́. Awakọ̀ ló yá atẹ́gùn yẹn lọ́wọ́ wa fúngbà díẹ̀, òun ló fi ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Ibi tí ètò yìí ti ṣẹ̀ wá ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì tí méjì péré ń gbé èèyàn tó ju 150 lọ sójú ọ̀run kò lè ta ara rẹ̀ jí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó fa atẹ́gùn wọlé, kó fún un pọ̀, kó da epo sí i, kí iná ràn. Èéfín gbígbóná tó ń sáré jáde ló ń yí túbáìnì, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ irin tó wà lẹ́yìn, túbáìnì yìí kan náà ló sì ń yí àwọn abẹ̀bẹ̀ tó ń fún atẹ́gùn pọ̀ níwájú. Bí kò bá tíì máa yí, kò sí atẹ́gùn. Bí a bá wá fi epo àti iná sí i láìsí atẹ́gùn tó, irin inú rẹ̀ ni yóò jó. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ bá a yí i títí yóò fi lágbára láti gbé ara rẹ̀.

Frank Whittle, ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ dojú kọ ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1930 ló ti fi ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1937 ni ẹ́ńjìnnì náà tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ British Thomson-Houston nílùú Rugby. Mọ́tò iná mànàmáná ni wọ́n fi ń yí i. Whittle dúró tì í, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹnu epo. Nígbà tó ń yí tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú kan, ó fún un ní epo díẹ̀, ó sì ṣáná sí i. Nígbà tó di 2,000, ó ṣí ẹnu epo ńlá. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro, ohùn rẹ̀ ń ròkè, ara irin rẹ̀ ń pọ́n yòò níbì kan níbì kan. Whittle ti epo pa. Ẹ́ńjìnnì kò gbọ́, eré rẹ̀ ń le sí i ni. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹsẹ̀ fẹ, òun nìkan ló dúró, ìgbà tó sì wu ẹ́ńjìnnì ló tó rọlẹ̀.

Wọ́n wádìí ẹ̀. Epo tó ti ń jò wọlé kí wọ́n tó ṣáná ló lọ gbára jọ sínú ilé iná, òun ni ẹ́ńjìnnì ń jó lẹ́yìn tí wọ́n ti tì í pa. Wọ́n wá ṣe ojú ìṣàn tí epo ajókù á máa gbà jáde. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn gan-an ni ìlànà ìṣáná tí à ń lò títí dòní bẹ̀rẹ̀: atẹ́gùn ṣáájú epo, má sì ṣáná síbi tí epo ti dúró. Lónìí, bí ẹ́ńjìnnì bàálù bá kọ̀ tí kò jí, awakọ̀ á gé epo, á jẹ́ kó máa yí lásán láìsí iná, kí atẹ́gùn lè gbá epo tó kù jáde kó tó tún dán an wò.

Jámánì ló kọ́kọ́ fi ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì fò, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1939. Ohun tó wù mí jù lára iṣẹ́ wọn ni ti bàálù ogun Me 262 tí wọ́n lò nígbà ogun. Norbert Riedel ṣe ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí agbára rẹ̀ kò ju ti ẹṣin mẹ́wàá lọ, wọ́n sì tì í bọ imú ẹ́ńjìnnì ńlá. Iná mànàmáná ló sábà máa ń jí i, àmọ́ òrùka okùn wà níwájú rẹ̀. Bí iná bá kọ̀, òṣìṣẹ́ á ti ọwọ́ bọ iwájú ẹ́ńjìnnì, á fa okùn náà fàà. Gbogbo ẹni tó ti fa jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour", nígbà tí wọ́n mú iná lọ lálẹ́, ti fa irú okùn yẹn rí. Bàálù ogun tó yára bí àṣá, okùn lè jí i!

Lẹ́yìn ogun, àwọn kan fi ètù ṣe é. Bàálù ajubọ́ǹbù Canberra ń tú èéfín dúdú kìjikìji jáde bí wọ́n bá ti ń ṣáná sí i. Ìyẹn ò bá èrò lọ. Nígbà tí Boeing 707 bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 1958, ẹ̀rọ orí ilẹ̀ ló ń fi ọ̀pá rọ́bà ńlá fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀. Pápákọ̀ tí kò bá ní ẹ̀rọ yẹn, wàhálà dé.

Boeing 727 tó kọ́kọ́ fò ní 1963 ló tú sókò yẹn. Ìlú kéékèèké ni wọ́n ṣe é fún, nítorí náà wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì kékeré kan, APU, sí ihò tí táyà ń ká sí. Bátìrì ń jí APU, APU ń fẹ́ atẹ́gùn, atẹ́gùn ń yí ẹ́ńjìnnì ńlá. Bàálù wá di ẹni tó ń dá dúró. Atẹ́gùn tí APU ń fẹ́ yìí náà ló ń tù wá lára nínú bàálù, ìdí nìyẹn tó fi dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe gbogbo bàálù ló ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Lórí Boeing 787, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2011, iná mànàmáná ló ń yí ẹ́ńjìnnì, gẹ́gẹ́ bíi ti Whittle. Lórí Airbus A320 ẹ̀wẹ̀, kọ̀ǹpútà ló ń pinnu ìgbà tí epo àti iná á wọlé, òun náà ló sì ń gé e bó bá rí i pé ooru fẹ́ pọ̀ jù.

Boeing 737 lèmi fẹ́ràn, torí pé ọwọ́ èèyàn ṣì wà níbẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti kọ́ ọ. Láti 1982 tí Microsoft ti gbé Flight Simulator, eré kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe bí awakọ̀ bàálù, jáde, púpọ̀ nínú wa kò mọ̀ ju kí a fò lọ. Bí a bá tẹ Ctrl àti E pọ̀, gbogbo ẹ́ńjìnnì á jí fúnra wọn. Mo lò ó bẹ́ẹ̀ fún ọdún díẹ̀, kí n tó rí 737 kan tí wọ́n ṣe dáadáa, tí à ń bá nínú òkùnkùn, tí bátìrì pàápàá wà ní pípa. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo gbé lévà epo sókè nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò tíì yí tó. Nọ́ńbà ooru fò kọjá 725 tó jẹ́ òpin rẹ̀ nígbà ìṣáná, ó sì pọ́n. Ká ní bàálù gidi ni, túbáìnì olówó iyebíye ni mo sun yẹn. Nítorí irú rẹ̀ làwọn iléeṣẹ́ bàálù ṣe ń kó awakọ̀ wọn lọ sínú àwòkọ́ bàálù ńlá, ìyẹn ẹ̀rọ ìdánrawò tí kì í fò: níbẹ̀, olùkọ́ á mọ̀ọ́mọ̀ da ìṣáná rú, kí ọwọ́ awakọ̀ lè mọ ọ̀nà ibi tí yóò ti gé epo kí ọkàn rẹ̀ tó já.

Ní báyìí, n kì í kánjú. Mo ti pa atẹ́gùn tútù, APU ń hó nídìí. Mo yí súwíìsì ẹ́ńjìnnì kejì, mo ń wo N2, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí tó nínú ọgọ́rùn-ún: mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún. Abẹ̀bẹ̀ iwájú ti ń yí díẹ̀díẹ̀. Ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mo gbé lévà sókè. Epo wọlé, ooru gbéra, ojú mi ò kúrò lára rẹ̀. Ní 56, súwíìsì já padà fúnra rẹ̀, kàù! Kò sẹ́ni tó ń bá a yí i mọ́. Ooru rọ̀ díẹ̀, ó dúró. Ẹ́ńjìnnì kìn-ín-ní ló kàn.