Èèpo Ọpọlọ àti Ìmòye

Èèpo ọpọlọ ni ìpele òde ọpọlọ ńlá, tó bò ó bí èèpo ṣe ń bo igi. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí à ń pè ní ìmòye ti ń wáyé: dídá nǹkan mọ̀, gbígbọ́ èdè, ìṣírò, ìpinnu. (Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì: inú la fi ń ronú, ṣùgbọ́n ọpọlọ ọlọ́gbọ́n la máa ń sọ pé ó pé.) Mìlímítà 2 sí 4 péré ni èèpo yìí fi nípọn. Ó ká wọ́nwọ́n bí aṣọ tí a rún sínú igbá, tó bẹ́ẹ̀ tí nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ fi pamọ́ sínú kòtò. Nínú niúrọ́ọ̀nù bíi bílíọ̀nù 86 tó wà nínú ọpọlọ ènìyàn, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba iṣẹ́ tó sì ń jẹ́ iṣẹ́, nǹkan bíi bílíọ̀nù 16 ló wà nínú èèpo. Ọpọlọ kékeré tó wà nísàlẹ̀ ìpàkọ́ ló ní èyí tó pọ̀ jù.

Ní ilẹ̀ Bùnú, ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí, àwọn obìnrin ló ń hun aṣọ lórí òfì tó nàró mọ́ ògiri. Ká wo ọ̀kan nínú wọn nídìí òfì. Òwú pupa tí ojú rẹ̀ rí, ìpín ẹ̀yìn èèpo ọpọlọ ló ń túmọ̀ rẹ̀. Ìpín àtàrí ló ń mọ bí ọwọ́ ṣe jìnnà sí òwú tó, òun náà ló sì ń gba ìròyìn ìka, tí obìnrin náà fi mọ̀ pé òwú kan ti dẹ̀ jù. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan níwájú ìpín àtàrí ló ń pàṣẹ fún iṣan. Ti apá òsì ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún. Iye òwú tó gbọ́dọ̀ fò, ìpín iwájú ló ń bá a dì í mú. Bí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bá ké, tí iye náà sì pòórá, ìpín iwájú yìí ni nǹkan ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Kò sí èyí tó ń dúró kí èkejì parí. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́.

Èdè wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí àyè rẹ̀. Ní 1861, Paul Broca, oníṣẹ́ abẹ ní Paris, yẹ ọpọlọ ọkùnrin kan wò lẹ́yìn ikú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, “tan” fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ì bá ní ọ̀rọ̀ ló tán lẹ́nu rẹ̀. Ìpín iwájú lápá òsì ló bàjẹ́. Ní 1874, Carl Wernicke, ará Jámánì, ṣàpèjúwe òdìkejì rẹ̀: ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu aláìsàn ṣùgbọ́n kò nítumọ̀, ohun tí wọ́n sì ń sọ fún un kò yé e. Lẹ́bàá etí òsì ni tirẹ̀ ti bàjẹ́. Lónìí, a mọ̀ pé èdè gbalẹ̀ ju ibi méjèèjì yìí lọ. Ohùn tó ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀ náà kì í ṣe orin lásán lójú ọpọlọ: ìwádìí lára àwọn tó ń sọ èdè Thai àti Mandarin fi hàn pé apá òsì ni irú ohùn bẹ́ẹ̀ gbára lé jù bó bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀.

Ìpín iwájú ló ń pẹ́ dàgbà jù. Ó ń tò lọ títí ènìyàn fi kọjá ogún ọdún. Ní 1848, irin kan gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ Phineas Gage, òṣìṣẹ́ ojú irin ní Amẹ́ríkà, wọlé, ó la ìpín iwájú yìí kọjá, ó sì jáde látàrí. Ó yè, ó sì ń sọ̀rọ̀, àmọ́ dókítà rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwà rẹ̀ yí padà. Àsọdùn ti wọ ìtàn náà lẹ́yìn ìgbà náà.

Rọpárọsẹ̀ ń pa apá kan èèpo ọpọlọ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ apá òsì ló kàn, àgbàlagbà kan ní Kàbà lè gbọ́ “Òkun o”, ìkíni àwọn ará ibẹ̀, kó yé e, kó má lè dáhùn, síbẹ̀ kó kọ orin tó mọ̀ láti kékeré tọ̀rọ̀-tọ̀rọ̀.