Bí ojú bá ní àbùkù láti inú oyún, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: àlàyé optic nerve hypoplasia

Ọmọ oṣù 2 kò tẹjú mọ́ ìyá rẹ̀. Ẹyin ojú rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń bọ̀ sósì, kò dúró lójú kan. Dókítà tanná sí i, ó ní optic nerve hypoplasia ni. Ohun tó ń sọ ni pé iṣan tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sọ́dọ̀ ọpọlọ kò dàgbà tó. Fọ́nrán inú iṣan yìí máa ń tó mílíọ̀nù 1. Ti ọmọ yìí kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ó lè jẹ́ ojú kan, ó lè jẹ́ méjèèjì. Awò ojú kò lè dá fọ́nrán tí kò sí padà.

Ara ọpọlọ gan-an ni ojú ti ń yọ, bí ẹ̀ka ti ń yọ lára igi, nígbà tí oyún wà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4. Ohun tó dí ojú lọ́wọ́ lè ti dí ọpọlọ náà lọ́wọ́. Nígbà mìíràn, awọ tín-ínrín tó wà láàárín ọpọlọ kì í sí. Ìyẹn ni Georges de Morsier, dókítà ọpọlọ ará Switzerland, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1956, tí wọ́n ń pè ní septo-optic dysplasia. Àwọn ọmọ kan máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rìn tàbí sọ̀rọ̀, wárápá sì ń ṣe àwọn mìíràn.

Ní tèmi, kì í ṣe awọ yẹn ló ń kó mi láyà sókè jù. Pituitary ni, kókó kékeré abẹ́ ọpọlọ tó ń darí họ́mónù. Bí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ọmọ lè má ga, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ kí gìrì sì gbé e. Cortisol, ọ̀kan lára họ́mónù tí pituitary ń darí, ni ara fi ń kojú àìsàn. Ọmọ tí tirẹ̀ kò tó, ibà lásán lè pa á. Nítorí náà, bí ojú àti ara ọmọ jòjòló bá pọ́n bíi ti ibà pọ́njú (jaundice) tí kò tètè lọ, tàbí tí okó ọmọkùnrin kéré jọjọ, ẹ má ṣe fi pa mọ́ fún dókítà.

Ẹ béèrè fún àwòrán MRI ọpọlọ àti àyẹ̀wò họ́mónù inú ẹ̀jẹ̀, kódà bó jẹ́ ojú kan ṣoṣo. Ẹ tún un ṣe bí ọmọ ti ń dàgbà, torí họ́mónù tó pé lónìí lè dín kù lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Bí cortisol bá kéré, oògùn wà fún un, dókítà á sì kọ́ yín bí ẹ ó ṣe fi kún un nígbà tí ara ọmọ bá gbóná.