Ọ̀rá Ọrùn Ẹyẹ Tí Ó Ń Múra Ìrìn Àjò

Bí oṣù Ẹrẹ́nà bá ti wọlé, àwọn ènìyàn a máa wá bá mi ní ẹ̀bá igbó ọba Ìsẹ̀-Èkìtì pé àwọn fẹ́ wo ẹyẹ tí ń ti ìlú òyìnbó bọ̀. Agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ni wọ́n ń dé, nínú aṣọ funfun, tí orin ń dún nínú fóònù wọn. Èyí kò dára, nítorí kùtùkùtù ni a ń wo ẹyẹ, aṣọ funfun àti ariwo a sì máa lé wọn sá. Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé yín ni pé àwọn ẹyẹ wọ̀nyí kò bọ̀ rárá, wọ́n ń lọ ni. Láti nǹkan bí oṣù Ọwẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà ni òtútù Yúróòpù ti lé wọn wá sọ́dọ̀ wa. Ìgbà ìrúwé tí àwọn ará Jámánì àti Swídìn fi ń yọ̀ pé wọ́n dé, ìgbà ìdágbére ni lọ́dọ̀ tiwa.

Èyí tí a ń pè ní willow warbler nínú wọn kì í sábà wúwo ju abala ìwé A4 méjì lọ, síbẹ̀ aginjù Sàhárà ni yóò là kọjá, èyí tí ó fẹ̀ ju 1,500 kìlómítà lọ. Òru ni ó sábà máa ń fò, ìràwọ̀ sì wà lára ohun tí ó fi ń mọ ọ̀nà.

Ọ̀rá ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo bá di ẹyẹ mú láti fi òrùka sí i lẹ́sẹ̀, mo máa ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ìyẹ́ àyà rẹ̀ kí awọ ara rẹ̀ lè hàn. Kòtò kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọrùn, láàárín egungun tí ó pẹ̀ka sí méjì. Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, kòtò yìí a máa ṣófo, ẹran pupa nìkan ni ẹ ó rí. Kí oṣù Igbe tó tán, ọ̀rá tí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè a ti kún un, a yọ síta, a sì tàn dé ikùn. Garden warbler, òmíràn nínú àwọn ẹyẹ wọ̀nyí, tí ó sábà máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 18, lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ara rẹ̀. Ọ̀rá yìí ni oúnjẹ rẹ̀ lójú ọ̀nà, omi sì tún ń ti inú rẹ̀ jáde bí ara bá ti ń lò ó. Èso ọ̀pọ̀tọ́, àwọn èso wẹ́wẹ́ mìíràn àti kòkòrò etí igbó ni ẹyẹ fi ń kó o jọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ti iná bọ etí igbó nínú oṣù Èrèlé kí ó lè rí òkété pa, oúnjẹ ìrìn àjò ẹyẹ ni ó jó.

Òrùka tí mo mẹ́nu bà kì í ṣe àmì àjẹ́. Alumíníọ̀mù ni, nọ́ńbà àti àdírẹ́sì ni a tẹ̀ sára rẹ̀, kí ẹni tí ó bá rí ẹyẹ náà lè kọ nọ́ńbà, ọjọ́ àti ibi tí ó ti rí i ránṣẹ́. Iṣẹ́ tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ni, kì í ṣe ohun tí wòlíì lè fi ojú ẹ̀mí kà.

Ní abúlé kan nítòsí igbó náà, ọmọkùnrin kan fi àtè mú ẹyẹ olórùka nígbà tí ara ìyá rẹ̀ kò yá. Wòlíì kan ní ẹni tí ń ṣe ìyá náà ni ó rán an, ó sì ní kí wọ́n jó o. Ibà ni ó ń ṣe ìyá náà. Oògùn ilé ìwòsàn ni ó sì wò ó sàn. Nígbà tí bàbá ọmọ náà mú òrùka wá fún mi, ọmọ náà ní epo ń kán tótótó láti ara ẹyẹ náà sínú iná, àti pé epo yẹn gan-an ni wòlíì fi ṣe ẹ̀rí pé ẹyẹ náà kì í ṣe lásán. Ọ̀rá ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni, èyí tí ì bá gbé e la aginjù já. Mo fi èékánná họ eérú kúrò lára òrùka náà, nọ́ńbà méjì péré ni ó ṣì ṣeé kà.