Hamster ilẹ̀ Yúróòpù àti Staphylococcus epidermidis

Hamster ilẹ̀ Yúróòpù (Cricetus cricetus) jẹ́ ẹranko ẹbí eku tó ń gbẹ́ ihò gbé. Staphylococcus epidermidis sì jẹ́ bakitéríà orí awọ ara. Èyí àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run, ṣùgbọ́n agbára káká ni a fi lè rí ẹni tí èkejì kò sí lára rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ òkété yóò tètè lóye bí hamster yìí ṣe ń ṣe, nítorí àwọn méjèèjì ló ní àpò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó oúnjẹ lọ sínú ihò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé hamster kò tóbi tó òkété, ikùn rẹ̀ sì dúdú. Láti Belgium àti Alsace ní ilẹ̀ Faransé títí dé Rọ́ṣíà ni wọ́n ti ń rí i. Ní ìgbà òtútù, inú ihò tó lè jìn tó mítà 2 ni ó ń sùn sí, pẹ̀lú ọkà tó ti kó pamọ́. Tẹ́lẹ̀, àwọn àgbẹ̀ máa ń kà á sí olè oko, wọ́n sì máa ń pa á. Ní 2020, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò àwọn ẹ̀dá, kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ìparun wọn ti súnmọ́ gidigidi: abo tó ń bí ju ọmọ 20 lọ lọ́dún tẹ́lẹ̀ kò bí ju 5 tàbí 6 lọ mọ́. Àwọn olùwádìí ní Alsace rí i pé abo tó bá ń jẹ àgbàdo nìkan kì í rí fítámì B3 tó, ó sì ń pa ọmọ rẹ̀ jẹ. Òkété inú òwe Yorùbá, tó dàgbà tán tó ń mu ọmú ọmọ rẹ̀, ṣì sàn ju èyí lọ.

Ní ti bakitéríà, èdè ìgboro Èkó ti sọ ọ́ di àìsàn. Nínú dáńfó láti Oyíngbò dé Òṣòdì, "stáàfù" ni àwọn tó ń polówó àgbo máa ń pe àrùn tí wọ́n ní àwọn yóò fọ̀ kúrò lára, láìya ẹ̀yà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Staphylococcus aureus ló sábà máa ń fa eéwo. Rosenbach, dókítà ará Jámánì, ló ya irú Staphylococcus tó funfun sọ́tọ̀ ní 1884, èyí tí à ń pè ní epidermidis lónìí. Ó wà lára alágbo, ó wà lára èrò ọkọ̀, kò sì sí àgbo tó lè fọ̀ ọ́ tán. Ilé ìwòsàn ni ewu rẹ̀ ti sábà máa ń yọ, bó bá gba ara rọ́bà tí wọ́n kì bọ iṣan, tàbí oríkèé àtọwọ́dá, wọ inú ara, tó sì da ìbora tó ń yọ̀ bo ara rẹ̀ tí oògùn kò fi ní í tètè kàn án.

Ìbora yẹn ni ihò tirẹ̀. Àmọ́ bí ènìyàn ṣe ń pọ̀ ní Èkó ni ibùgbé bakitéríà ń gbòòrò sí i, nígbà tó jẹ́ pé oko àti ọ̀nà tí ènìyàn ń là ní Yúróòpù ló ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ hamster. Díẹ̀ nínú wọn ṣì wà ní itẹ́ òkú ńlá ìlú Vienna, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ìda àbẹ́là orí sàréè.