Ìṣẹ́jú Àáyá Kan, Ojú Ìwé Mẹ́rin

Ká ní Ẹ̀pẹ́ ni ìtàn àròsọ kan ti wáyé. Ọmọbìnrin kan wọ dánfó lọ sí Ajah láàárọ̀. Nígbà tó dé lálẹ́, ó bá ìyá rẹ̀ nídìí àtẹ ẹja l'ọ́jà Olúwo. Ọkùnrin kan tó ń ná ẹja gbójú sókè, ó pe ọmọbìnrin náà ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò pè é mọ́ látọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú.

Àlọ àti àbọ̀ Ajah lè gba wákàtí mélòó kan lójú títì. Orúkọ yẹn ò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Nínú ìwé, gbólóhùn kan ti tó fún Ajah. Orúkọ yẹn lè gba ojú ìwé mẹ́rin. Iye bébà tí òǹkọ̀wé bá ná sórí àkókò kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ́ ìrìn ìtàn.

Òǹkọ̀wé lè fo àkókò: "Ọdún mẹ́ta kọjá." Ó lè ká oṣù kan pọ̀ sínú ìpínrọ̀ kan. Ó lè jẹ́ ká máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ẹ̀dá-ìtàn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ó sì lè dá ìtàn dúró, kó máa ṣàpèjúwe ọ̀sà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń ba orí kìíní jẹ́ jù: ìtàn ìdílé dé orí baba-ńlá, kò tíì sẹ́ni tó ṣe nǹkan kan.

Wo bí a ṣe ń rọra rìn:

"Ọkùnrin náà gbé ọ̀bọ̀kún, ó ṣí abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò bóyá ó ṣì pupa. Ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lòun ní. Màmá ò gbà. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe Màmá ló ń wò."

Ẹja lásán ni wọ́n ń ná, síbẹ̀ a ò lè gbé ìwé sílẹ̀, torí a fẹ́ mọ ẹni tó ń wò. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ló ń jẹ́ kí òǹkàwé fara da ìjáfara. Bí kò bá sí ìbéèrè, oorun ló kù. Gbólóhùn kúkúrú máa ń mú eré wá lóòótọ́, àmọ́ tí wọ́n bá tẹ̀ léra fún ojú ìwé mẹ́ta, bí ẹni ń gúnyán ló máa ń dún.

Àwọn tó ń kọ ìtàn fún ìwé ìròyìn tètè mọ èyí. Akéde Èkó tẹ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ láàárín 1929 sí 1930. Ẹni tó ń kọ̀wé báyìí ní láti dáwọ́ dúró níbi tí ara á ti máa ta òǹkàwé títí ọ̀sẹ̀ mìíràn.

Àtúnkọ ni àṣìṣe ti ń hàn. A ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìran kọ̀ọ̀kan: wákàtí mélòó ló kọjá, ojú ìwé mélòó ló gbà? Ẹni tó mọ ọ̀nà Lẹ́kkí dáadáa á fẹ́ ká bá òun dé gbogbo ibùdókọ̀. Tí dánfó bá wá gba ojú ìwé mẹ́fà, tí orúkọ tí bàbá ń pe ọmọbìnrin náà gba ìlà mẹ́ta, ó ti mọ ibi tí ọ̀bẹ ń lọ.