Ọlọ́run gbọ́ kọ́ ni Sámúẹ́lì o

Tí wọ́n bá ti pè mí síbi ìsọmọlórúkọ báyìí, torí wọ́n mọ̀ pé èdè Hébérù ni mò ń kọ́ àwọn èèyàn, ẹnìkan á ṣáà bi mí pé "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ìtumọ̀ Sámúẹ́lì gan-an?" Kí n tó lanu, ẹlòmíì á ti dáhùn pé "Ọlọ́run gbọ́ àdúrà!", gbogbo ilé á sì ṣe àmín. Èmi náà á ṣe àmín, mi ò lè ba ọjọ́ ọlọ́jọ́ jẹ́.

Àmọ́ Íṣímáẹ́lì ló ni "Ọlọ́run gbọ́". Ṣama ni gbọ́ lédè Hébérù, ẹ̀ ń gbọ́ ọ nínú Íṣímáẹ́lì ketekete. Ti Ṣemu'el, bí wọ́n ṣe ń pe Sámúẹ́lì lédè Hébérù, "ṣem" ni orúkọ, "El" ni Ọlọ́run, ìyẹn lọ̀pọ̀ àwa tá à ń ṣiṣẹ́ yìí fi ń sọ pé "orúkọ Ọlọ́run" ló sún mọ́ ọn jù.

Ẹ wá wo ibi tọ́rọ̀ ti dùn. Nínú 1 Sámúẹ́lì 1:20, Hánà ò tiẹ̀ dárúkọ gbígbọ́, ó ní torí òun béèrè ọmọ náà lọ́wọ́ Olúwa lòun fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Béèrè sì rèé, ṣa'al ni. Ta ló wá ń jẹ́ "ẹni tí wọ́n béèrè"? Ṣa'ul, ìyẹn Sọ́ọ̀lù ọba! Ẹ̀ẹ̀meje lọ̀rọ̀ ṣa'al yẹn jáde ní orí kan péré, nígbà tó sì di ẹsẹ 28 tí Hánà ń fa ọmọ lé Olúwa lọ́wọ́, "hu ṣa'ul" ló sọ ("hu" ni òun), lẹ́tà tí wọ́n fi kọ Sọ́ọ̀lù náà ni wọ́n fi kọ ọ́. Kò sí bí Bíbélì Yorùbá ṣe fẹ́ gbé ìyẹn jáde.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní ìtàn ìbí Sọ́ọ̀lù ni wọ́n gbé wọ Sámúẹ́lì lọ́rùn. Èmi ò gbà, onítàn yẹn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, torí ní orí 8 àwọn ará Ísírẹ́lì wá béèrè ọba, ṣa'al yẹn náà ni, Sọ́ọ̀lù ni wọ́n sì rí gbà. Etí ni wọ́n fi ń túmọ̀ orúkọ nínú Bíbélì, kì í sábà ṣe díṣọ́nárì, bí ọlọ́fọ̀ ṣe máa ń ní kí ewé gbégbé gbé ire wá fóun (ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má bínú).

Nítorí náà ẹni tó tọrọ ọmọ títí, tó fẹ́ orúkọ tó bá ọ̀rọ̀ Hánà mu gẹ́lẹ́, Sọ́ọ̀lù ni kó sọ ọ́. Mo dá a lábàá níbì kan rí, ìyá ìyá ọmọ kàn wò mí látòkè délẹ̀ ni, ló bá ní kí wọ́n gbé ráìsì wá.