Bí Aṣọ Páṣíà Ṣe Dé Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert

Wáyà tẹlígíráàfù, èyí tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn nígbà náà, ni ó ṣí ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ aṣọ Páṣíà tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù. Robert Murdoch Smith, ológun onímọ̀-ẹ̀rọ tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Scotland, ni ó ń ṣàkóso iṣẹ́ wáyà náà ní Tehran, olú-ìlú Páṣíà tí a ń pè ní Ìráànì lónìí, nígbà tí ó fi lọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ní 1873 pé òun lè máa bá wọn ra iṣẹ́ ọnà níbẹ̀. Wọ́n gbà fún un. South Kensington ni orúkọ ilé náà nígbà yẹn, wọn kò sì ṣí i ní 1857 fún ìran wíwò lásán. Wọ́n fẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí iṣẹ́ dáadáa fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ní 1875, Murdoch Smith ra ọ̀pọ̀ nínú ohun tí Jules Richard, ará Faransé tí ó ti pẹ́ ní Tehran, ti kó jọ, nígbà tí ó sì di 1876, kápẹ́ẹ̀tì, aṣọ, àwo amọ̀ àti ohun èlò idẹ tí ó fi ránṣẹ́ ti tó pàtẹ.

Ṣùgbọ́n kápẹ́ẹ̀tì tí ó gbayì jù níbẹ̀ kò bá ọ̀nà yìí wọlé. Sàréè Sheikh Safi al-Din, baba ńlá àwọn ọba Safavid tí ó jọba ní Páṣíà láyé àtijọ́, ní ìlú Ardabil ní Ìráànì ni ó ti wá. Orúkọ Maqsud ará Kashan wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ọdún 946 ti Híjírà, èyí tí í ṣe 1539 sí 1540. Òwú sẹ́dà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, irun àgùntàn ni ojú rẹ̀. Bí a bá wọn sẹ̀ǹtímítà 10 ní òró àti ní ìbú, kókó tí wọ́n ta síbẹ̀ tó nǹkan bí 5,300. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti òfì rí yóò mọ irú sùúrù tí ìyẹn gbà.

William Morris, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọnà aṣọ, ni ó yẹ̀ ẹ́ wò tí ó sì rọ̀ wọ́n láti rà á. Ní 1893 wọ́n san 2,000 pọ́n-ùn, àwọn ènìyàn sì dáwó sí i. Ohun tí ó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ìbejì ni kápẹ́ẹ̀tì náà: kí wọ́n tó tà á, wọ́n ti gé lára èkejì láti fi dí ihò ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n gé, tí kò ní etí mọ́, wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà, níbi tí J. Paul Getty, olówó epo rọ̀bì, ti fi ta wọ́n lọ́rẹ ní 1953. Èyí tí wọ́n tún ṣe wà nínú àpótí gíláàsì ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù láti 2006, ìṣẹ́jú 10 péré ni wọ́n sì ń tan iná sí i ní gbogbo ààbọ̀ wákàtí, kí àwọ̀ rẹ̀ má baà ṣí.